Dobrinka Lọ Ra Káàdì Olóhùn Méjì

Irun ni iṣẹ́ Dobrinka Velcheva, kì í ṣe orin. Láti ìgbà ọmọge ló ti ń gé irun àwọn obìnrin Dolna Lipa, tó ń pa á láró, tó ń ká a, tó sì ń gbọ́ gbogbo àṣírí tó ń bá irun jáde. Ó ṣòro kéèyàn rí orí obìnrin kan nílùú kékeré náà tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kàn. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí wà ní Sípéènì pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ. Ilé Dobrinka wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, igi àjàrà nà bo ẹnu ọ̀nà rẹ̀, obìnrin náà sì ní ẹ̀rín kan tó jẹ́ pé bó bá bú u nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń ra búrẹ́dì lódìkejì títì á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó ń pa òun lẹ́rìn-ín.

Bó ṣe di olórin ìlú nìyí. Gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè ni àwọn tí wọ́n ti di ìyá àgbà àti bàbá àgbà máa ń pé jọ sí gbọ̀ngàn ìlú láti jó horo. Wọn á di ọwọ́ ara wọn mú, wọn á tò lọ rẹrẹ, ẹni tó wà níwájú á máa fa ìlà náà yí gbọ̀ngàn ká bí ejò tó ń wá ibi tí oòrùn wà. Bàbá Kolyo ló ń tẹ dùùrù fún wọn, irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́rùn tí wọ́n ń fà, títí ìka rẹ̀ fi le, tí ọmọ rẹ̀ wá mú un lọ sí Burgas kó lè máa gba atẹ́gùn òkun. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ìlú pé, bàtà ijó wà lẹ́sẹ̀, orin kò sí. Wọ́n ń wo ara wọn bí àlejò ìgbéyàwó tí ìyàwó kò tíì dé. Dobrinka bá ní òun ní orin nínú kọ̀ǹpútà tí òun ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó sáré lọ gbé e, ó gbé sípíkà kún un, kí wọ́n tó mọ̀, ilẹ̀ gbọ̀ngàn ti ń mì. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ bóyá yóò wá; wọ́n kàn ń ṣí ilẹ̀kùn dè é ni.

Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà náà ní tí ohùn ń gbà jáde, ohunkóhun tó bá sì gba ibẹ̀ jáde, sípíkà á gbé e fún gbogbo ilé. Bí orin kan bá ń lọ, tí Dobrinka fẹ́ yẹ èyí tó kàn wò, bóyá òun náà ni, tàbí bóyá ó yá jù fún orúnkún àwọn àgbà, kò sí bó ṣe lè dá a gbọ́. Bó bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́nrẹ́n, àwọn oníjó á gbọ́ orin méjì tó ń jà. Nítorí náà, orin kan gbọ́dọ̀ parí pátápátá, kí ìlà dúró, kí Dobrinka máa wá òmíràn, kí wọ́n sì máa pariwo orúkọ èyí tí wọ́n ń fẹ́ mọ́ ọn létí.

Ní Sọ́ńdè kan lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, wọ́n ń jó lọ pẹrẹu. Zdravka, ọ̀rẹ́ Dobrinka láti ilé ìwé, wà láàrin ìlà, ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún sì wà nínú ọwọ́ Metodi. Ọkùnrin yìí ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wa ọkọ̀ ojú irin kó tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí. Ó ga, ó tín-ín-rín, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí Sọ́ńdè tí kì í wá. Asen, ọkọ Zdravka, jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bó ti máa ń ṣe. Dobrinka na ọwọ́ láti wá orin tó kàn. Fóònù rẹ̀ àti kọ̀ǹpútà náà so pọ̀, ìka rẹ̀ sì ṣèèṣì tẹ ohùn kan tí Zdravka fi ránṣẹ́ sí i láàárọ̀, tí kò tíì ráyè gbọ́. Ohùn Zdravka bá gba orí orin jáde, ó ròkè lálá:

“Dobrinka, ṣé o rí Metodi lọ́sẹ̀ tó kọjá? Ó ń jó bí àkọ̀ tó tẹ ẹ̀yinná. Àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ dáa, mi ò ní purọ́. Ìwọ ló sì ń wò ní gbogbo ìgbà tó ń ju áńkáṣíìfù yẹn sókè. Tó ò bá fẹ́ ẹ, tètè sọ fún mi, torí àga ti gba ọkọ tèmi lọ́wọ́ mi.”

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Dobrinka ń tẹ ibi gbogbo lórí kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń pa èèrà, ohùn náà kò dúró àfi ìgbà tó sọ tinú rẹ̀ tán. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ìlà kò já. Ẹsẹ̀ tó bá ti mọ horo kì í dúró nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu. Wọ́n ń jó lọ, ojú Zdravka pọ́n bí tòmátì, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ọwọ́ Metodi, Metodi sì tẹjú mọ́ bàtà ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wò ó bóyá lóòótọ́ ni iná wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ìlà, ó ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ títí ó fi dé iwájú, àwọn kan sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí pé ẹ̀rín ti gba agbára ẹsẹ̀ wọn. Asen ní tirẹ̀ sọ wẹ́rẹ́ pé àga náà dára, pé kò sí irọ́ níbẹ̀.

Dobrinka kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Ó ká wáyà rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn gbọ̀ngàn jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ẹ̀rín gbé òun náà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó wá rí i pé gbólóhùn kan ṣoṣo ni kò pa òun lẹ́rìn-ín nínú gbogbo rẹ̀, ìyẹn èyí tó ní òun ni ọkùnrin náà ń wò. Gbólóhùn yẹn ló gbé e dìde lọ wo ara rẹ̀ nínú dígí.

Ó pinnu pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ó béèrè kiri, wọ́n ní káàdì ohùn lòun ń wá, ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà kí ohùn lè gba inú rẹ̀ jáde, tó sì lójú tí èèyàn lè ki hẹ́dífóònù bọ̀. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà tó wà nítòsí ibùdókọ̀. Ẹni tó ń tajà níbẹ̀ ní kò sí wàhálà, èyí tó kéré jù yìí lójú hẹ́dífóònù. Dobrinka rà á, ó gbé e délé, ó gbé sípíkà sí kíṣìnnì, ó dé hẹ́dífóònù bo etí, ó tẹ orin. Orin tó wà létí rẹ̀ náà ló wà ní kíṣìnnì. Ó tẹ òmíràn. Òun náà tún wà níbi méjèèjì. Ọlọ́jà kò purọ́, ojú hẹ́dífóònù wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àṣé ihò méjì ni, ohùn kan. Ó dá a padà lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì gbà á láìjiyàn, wọ́n ní bí gbogbo ayé ṣe ń lò ó nìyẹn.

Ọjọ́ yẹn náà ni Metodi yọ sí ṣọ́ọ̀bù irun. Ọkùnrin kì í sábà wọ ibẹ̀. Àwọn obìnrin tó jókòó tí aró wà lórí wọn yíjú sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ṣí fìlà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyáàfin Dobrinka,” ló wí. “Àkọ̀ ló dé.”

Ẹ̀rín tí Dobrinka ti ń há mọ́nú bú jáde, sísọ́ọ̀sì jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn aláró náà kò lè mú un mọ́ra, wọ́n ń mi orí tí aró ń ta sí ògiri. Metodi fara balẹ̀ dúró títí ilé fi rọ̀ wọ̀ọ̀. Ó ní òun gbọ́ pé Ìyáàfin dá káàdì kan padà, ohun tí wọ́n sì ń wá yé òun ju bí wọ́n ti rò lọ. Nígbà tí òun ń wa ọkọ̀ ojú irin, ohun tí wọ́n ń sọ sí òun létí níwájú kì í ṣe ohun tí èrò ń gbọ́ lẹ́yìn. Ká ní èrò ń gbọ́ ọ ni, kò sẹ́ni tí ì bá wọkọ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù olórin kan wà ní Stara Zagora tó ní oríṣiríṣi. Ṣùgbọ́n èèyàn kan kò lè dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dán wò, àfi kí wọ́n jẹ́ méjì.

“Tí ẹ bá máa jẹ́ etí,” ló wí, “èmi á jẹ́ gbọ̀ngàn.”

Gbogbo ojú tó wà nínú dígí ń wo Dobrinka. Ó mú sísọ́ọ̀sì nílẹ̀, ó ní kí àwọn lọ ní ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù òun kì í ṣí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Zdravka gbé banitsa gbígbóná, ìyẹn páì oníwàràkàṣì, wá bí ẹni tó ń san ìtanràn ẹnu rẹ̀. Ó dúró ti Dobrinka títí ó fi bọ́ kóòtù aláwọ̀ eérú sílẹ̀ tó wọ aláwọ̀ ojú ọ̀run. Nínú bọ́ọ̀sì, Dobrinka àti Metodi jókòó pọ̀, banitsa wà lórí itan wọn, wàràkàṣì inú rẹ̀ ń yọ́ sí wọn lọ́wọ́. “Ẹ” ni wọ́n ń pe ara wọn, “ẹ jọ̀wọ́” lórí “ẹ jọ̀wọ́”, wọ́n ń ṣe bí aṣojú ìjọba méjì. Metodi ka orúkọ gbogbo ibùdó ọkọ̀ ojú irin tó wà láàrin Burgas àti Sofia fún un. Dobrinka tí kì í jẹ́ kí èèyàn parí ọ̀rọ̀ sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìjá lù ú, ohun tí Zdravka kò ní gbà gbọ́ láéláé.

Ognyan lorúkọ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù orin náà, ọkùnrin abikùn kan tó ti ta gìtá níbi ìgbéyàwó títí agara fi dá a. Dobrinka ṣàlàyé pé òun fẹ́ kí orin kan máa lọ sí gbọ̀ngàn, kí òmíràn máa wá sí etí òun, kí àwọn méjèèjì má sì pàdé. Ognyan mi orí sọ́tùn-ún sósì, bí wọ́n ti máa ń ṣe nílẹ̀ wọn láti gbà fún èèyàn. Ó ní hẹ́dífóònù tó ní ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni wọ́n ń wá, pé ọ̀pọ̀ èèyàn á rí ihò méjì lára ẹ̀rọ, wọ́n á rò pé ọ̀nà méjì ni. Ó kó mẹ́ta jáde sórí tábìlì. Ọ̀kan pupa, ó ń dán bí èékánná ọmọge. Ìkejì dúdú, bọ́tìnì kún ara rẹ̀ bí ojú ara ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Ìkẹta funfun, ó rí bí àwo tí wọ́n ń gbé ọṣẹ sí. Ojú Dobrinka ti wọ pupa. Metodi rọra rán an létí pé etí ni àwọn torí rẹ̀ wá, kì í ṣe ojú.

Ognyan so pupa mọ́ kọ̀ǹpútà tí Dobrinka gbé wá, Dobrinka dé hẹ́dífóònù, Metodi lọ dúró síwájú sípíkà ńlá kan ní ìpẹ̀kun ṣọ́ọ̀bù. Nítorí pé Dobrinka kò ní gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n ti ṣàdéhùn pé orí ni yóò fi máa dáhùn. Dobrinka fi orin kan sí gbọ̀ngàn, ó fi òmíràn sí etí. Metodi gbé àgbọ̀n sókè, ó pòṣé: rárá o, méjèèjì ló ń gbọ́. Pupa ṣubú. Wọ́n so dúdú. Gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ kàn ń sọ ohùn etí di ńlá tàbí kékeré ni, orin gbọ̀ngàn ṣì ni. Àgbọ̀n Metodi tún lọ sókè. Dúdú tẹ̀ lé pupa.

Ó wá ku funfun. Ognyan ní eléyìí, bí ọ̀nà mẹ́rin ni kọ̀ǹpútà ṣe ń rí i, méjì ń lọ sí gbọ̀ngàn, méjì ń lọ sí etí. Ó fi ibi tí wọ́n ti ń yan ọ̀nà fún orin kọ̀ọ̀kan han Dobrinka, ó tú u ká, ó ní kí Dobrinka fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un yàn. Dobrinka yan rachenitsa fún gbọ̀ngàn, ijó tó yá jù nílẹ̀ náà, tí kì í jẹ́ kí ara tó le dúró jẹ́ẹ́. Fún etí ara rẹ̀, ó yan orin ìfẹ́ àtijọ́ kan tó máa ń gbọ́ bó bá ń gbá irun ilẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Létí rẹ̀, orin jẹ́jẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ bí omi tó ń kọjá lábẹ́ afárá, kò sí ìró mìíràn tó dà mọ́ ọn. Ó gbójú sókè kó lè wo orí Metodi. Orí Metodi kò mì. Èjìká rẹ̀ ló kọ́kọ́ mì. Ó kan orúnkún. Kí Dobrinka tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọkùnrin gíga náà ti fa áńkáṣíìfù yọ lápò, ó ti ń jó rachenitsa láàrin gìtá àti ìlù tí wọ́n ń tà. Ó ń ta ẹsẹ̀ pàà, ó ń lọ́ ìbàdí, ó ń bẹ̀rẹ̀ ó ń fò, Ognyan sì ń sáré di àwọn ìlù mú kí wọ́n má bàa wó lulẹ̀. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀, orin ìfẹ́ ni Dobrinka ń gbọ́. Ẹsẹ̀ ń sáré, orin ń rìn gbẹ̀rẹ̀. Áńkáṣíìfù ń fò bí ẹyẹ tí ológbò ń lé, olórin sì ń kẹ́dùn nípa fèrèsé olólùfẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rín já lu Dobrinka. Kò gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀ nítorí ohun tó wà létí rẹ̀, ìyẹn náà tún wá pa á lẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí àpótí onílù kan, ó di tábìlì mú. Àwọn tó ń kọjá lọ níta dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, àwọn náà ń rẹ́rìn-ín. Inú ẹ̀rín yìí ni Dobrinka wà tó fi rí i pé ọkùnrin náà ń jó orin tó wà létí òun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ ló ń jó o o, ẹsẹ̀ ti bá rachenitsa lọ. Ojú rẹ̀ ni, ojú tí kò kúrò lára òun láti ìgbà tí ijó ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí orin tán, Metodi dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó mi orí sọ́tùn-ún, ó mì í sósì. Bẹ́ẹ̀ ni. Dobrinka ṣí hẹ́dífóònù kúrò létí.

“Kí lẹ̀ ń gbọ́ tí ẹ fi ń rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀?” Metodi ló béèrè.

“Orin jẹ́jẹ́ kan ni,” Dobrinka dá a lóhùn. “Ẹ sì jó o dáadáa.”

Ognyan béèrè bóyá funfun ni wọ́n ń gbé lọ. Dobrinka ní bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, òun ni.

Ní àbọ̀, wọ́n jókòó sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ débi pé Metodi, tí kò fìgbà kan wa ọkọ̀ kọjá ibùdó láyé rẹ̀, kò mọ̀ nígbà tí wọ́n kọjá Dolna Lipa. Abúlé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sọ̀ sí. Wọ́n bá fẹsẹ̀ rìn padà, oko wíìtì wà lọ́tùn-ún lósì, òdòdó pupa ń yọ orí láàrin rẹ̀, káàdì wà nínú páálí rẹ̀ lábẹ́ abíyá Metodi. Ẹnì kan á rántí Ognyan àti àwọn ìlù rẹ̀, àwọn méjèèjì á tún dúró lójú títì, wọn á di ikùn mú. Nígbà tí wọ́n dé afárá kékeré kan, Metodi na ọwọ́ sí i.

“Mú ọwọ́ rẹ wá,” ló wí, “ibẹ̀ yẹn ń yọ̀.”

Òjò kò rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, eruku ló wà lórí afárá. Dobrinka kò sọ ọ́. Kò sì sọ pé ó ti pe òun ní ìwọ. Ó mú ọwọ́ wá, kò sì gbà á padà títí wọ́n fi rí ilé àkọ́kọ́ nílùú.

Ní Sọ́ńdè, gbọ̀ngàn kún ju tàtẹ̀yìnwá lọ, nítorí àwọn tí kì í jó rárá ti wá jókòó, wọ́n ń retí kí kọ̀ǹpútà tún sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn síta. Wọ́n retí títí, kò sọ nǹkan kan. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò ronú kàn ló ṣẹlẹ̀. Bí orin kan bá ń sún mọ́ òpin, Dobrinka ti gbọ́ èyí tó kàn létí, ó ti mọ ibi tó máa gbà wọlé, á sì ti í bọ̀ ọ́ láìsí àlàfo bí ẹni tó ń dirun mọ́ra. Kò sí ìdúró mọ́. Àwọn àgbà tó ti máa ń fi àlàfo àárín orin mu omi, tí wọ́n ń fi í sinmi orúnkún, wá rí i pé orin ti gbé àwọn lọ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò jáwọ́. Wọ́n ń jó, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n tún ń jó. Bàtà Zdravka kan fò lọ sábẹ́ àga, ó ń fi ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo bá a lọ. Asen dìde láti gbé omi fún un. Bó ti na ife sí i ni ìlà gbá a lọ́wọ́ mú, ife dànù, bàbá náà ti wà láàrin wọn, ó ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tí ń tẹ àjàrà ṣe wáìnì, Zdravka sì ń pariwo pé kí Dobrinka má dá a dúró o, kí ó má dá a dúró rárá.

Dobrinka kò dá a dúró. Ó to orin gígùn kan kalẹ̀, ó tẹ́tí sí i ní ìbẹ̀rẹ̀, ó tẹ́tí sí i ní ìparí, ó fà á wọlé, ó wá bọ́ hẹ́dífóònù sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Láti ìgbà tí Bàbá Kolyo ti lọ, kò tíì jó lẹ́ẹ̀kan. Ó rìn lọ sí ìdí ìlà níbi tí Metodi wà. Metodi kò wò ó, ó kàn ṣí ọwọ́ òsì rẹ̀ sílẹ̀.

Wọn kò tíì fẹ́ ara wọn o. Metodi ní ilé tirẹ̀, Dobrinka ní tirẹ̀, àtibéèrè sì ti sú ìlú. Ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn abúlé tó yí wọn ká bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ pe Dobrinka kó wá ṣe orin fún wọn, àwọn méjèèjì ló sì ń jọ ń lọ. Metodi tó fi gbogbo ayé wa ọkọ̀ ojú irin kò mọ mọ́tò í wà. Dobrinka ló ń wa mọ́tò kékeré tó ní, Metodi á jókòó tì í, á gbé káàdì funfun náà lé itan. Bí wọ́n bá ń sún mọ́ ìkòríta, á sọ fún un kó fọn fèrè. Dobrinka á ní títì ọlọ́dà lèyí, kò sí irin nílẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń bọ̀ láti ibì kankan. Lẹ́yìn náà, á tẹ fèrè mọ́tò, á tẹ̀ ẹ́ pẹ́, títí àwọn ewúrẹ́ etí títì á fi gbórí sókè.